Ìwọ̀n Eku Nìwọ̀n Ìtẹ́: Yíyan Ẹ̀rọ Ìréfófó fún Òkun Inú Ilé

Ọ̀rọ̀ òkun ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe òkun tí ọkọ̀ ńlá ń gbà kọjá. Òkun kékeré kan ni, tí ó gba inú àpótí gíláàsì, tí àwọn ènìyàn ń tọ́jú sí yàrá ìgbàlejò wọn ní Jámánì, ní ìlú Òyìnbó, ní Amẹ́ríkà àti ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ mìíràn. Nínú rẹ̀ ni ẹja aláràbarà ti ń lúwẹ̀ẹ́, tí iyùn ààyè sì ń tanná bí òdòdó lórí òkúta.

Ẹ lè bi mí pé, "Iyùn ààyè kẹ̀? Ṣé iyùn a máa wà láàyè ni?" Bẹ́ẹ̀ ni. Iyùn pupa tí àwọn ọba wa ń fi sọ́rùn, tí àwọn oníṣòwò ń kó wá láti òkun Mẹditaréníà láti ayé àtijọ́, egungun ẹranko kékeré kan ni, tí ń gbé ìsàlẹ̀ òkun. Àwọn tí mo ń wí lónìí jẹ́ ìbátan rẹ̀, ṣùgbọ́n irú wọn yàtọ̀. Inú omi tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, tí ó mọ́ gaara, tí kò jìn púpọ̀, ni wọ́n ń gbé. Wọ́n ń fi egungun wọn kọ́ òkè sínú òkun díẹ̀díẹ̀. Irú òkè iyùn bẹ́ẹ̀ wà yí erékùṣù Kúbà ká, ó wà nínú Òkun Pupa, ó wà ní Indonéṣíà, èyí tí ó tóbi jù lọ sì wà ní etíkun Ọsirélíà, tí gígùn rẹ̀ lé ní 2,000 kìlómítà.

Ẹni tí ó bá fẹ́ sin iyùn àti ẹja òkun sínú ilé yóò ra iná tí ń ṣe bí oòrùn, yóò ra ẹ̀rọ tí ń mú omi gbóná níwọ̀n, yóò sì ra iyọ̀ tí a ṣe fún un, nítorí lítà omi òkun kan ní iyọ̀ bíi gíráàmù 35 nínú. Lẹ́yìn ìyẹn ni yóò bá ẹ̀rọ kan pàdé lọ́jà, tí àwọn tí ń tà á ń pè ní protein skimmer. Èmi yóò máa pè é ní ẹ̀rọ ìréfófó, nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ré ìfófó kúrò lójú omi. Ẹ̀rọ yìí pọ̀ ní oríṣiríṣi, owó rẹ̀ kò kéré, ọ̀rọ̀ tí a kọ sára páálí rẹ̀ sì dùn ju bí ẹ̀rọ náà ti rí lọ nígbà mìíràn. Bí a ṣe lè yàn án pẹ̀lú ọgbọ́n ni kókó ọ̀rọ̀ mi.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé eré ọlọ́rọ̀ lásán ni èyí. Ẹ̀mí ni ó wà nídìí rẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, àjọ NOAA ti Amẹ́ríkà, tí ń ṣọ́ òkun àti ojú ọjọ́, kéde pé iyùn ń funfun káàkiri òkun ayé nítorí pé omi ti gbóná jù fún wọn. Ìkẹrin irú rẹ̀ tí a kọ sílẹ̀ nìyẹn. Àwọn orílẹ̀-èdè pẹ̀lú ti fi àdéhùn kan tí à ń pè ní CITES dáàbò bo iyùn olókùúta, tí ó fi jẹ́ pé ènìyàn kò gbọdọ̀ kó o kọjá ẹnu ibodè láìní ìwé àṣẹ. Nítorí náà, ẹni tí ó bá gba iyùn kan sínú ilé rẹ̀ ti gba ohun àfipamọ́. Bí ó bá kú sí i lọ́wọ́ nítorí àìmọ̀kan, àdánù náà ju owó lọ.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ìdí tí a fi ń wá ẹ̀rọ yìí. Nínú òkun ńlá, bí ẹja bá jẹun tí ó sì yàgbẹ́, ìgbì yóò gbé e lọ, yóò sì fọ́n ká sínú omi tí kò lópin. Nínú àpótí gíláàsì, ibi tí ẹja ti ń jẹun náà ni ó ti ń yàgbẹ́, ibẹ̀ náà ni ó ti ń mí, ibẹ̀ náà ni ó ń sùn. Ó dà bí ìgbà tí a ti agbo ilé kan mọ́ inú yàrá kan ṣoṣo, tí a ń gbé oúnjẹ wọlé fún wọn lójoojúmọ́, tí ẹnikẹ́ni kò sì gbé ìdọ̀tí jáde. Ẹ mọ bí yàrá náà yóò ti rí lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan.

Díẹ̀ nínú ìdọ̀tí yìí ni ojú ń rí. Èyí tí ó pọ̀ jù ti yọ́ sínú omi bí ṣúgà ti ń yọ́ sínú tíì. Oúnjẹ tí ẹja kò jẹ tán wà níbẹ̀, ìgbẹ́ wà níbẹ̀, ohun yíyọ̀ tí ń bo ara ẹja àti ara iyùn wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Kò sí asẹ́ tí ó lè mú ṣúgà tí ó ti yọ́ sínú tíì, bẹ́ẹ̀ ni kò sí asẹ́ aṣọ tí ó lè mú ìdọ̀tí tí ó ti yọ́ yìí. Bí a bá fi í sílẹ̀, àwọn kòkòrò àìfojúrí yóò jẹ ẹ́, wọn yóò sì sọ ọ́ di ammonia, tí í ṣe májèlé fún ẹja. Irú kòkòrò mìíràn yóò sọ ammonia di nitrite, òmíràn yóò sì sọ nitrite di nitrate. Nitrate kì í pa ẹja kíákíá, ṣùgbọ́n ajílẹ̀ ni. Ewé omi yíyọ̀ yóò jẹ ẹ́ yó, yóò gbilẹ̀, yóò sì bo iyùn mọ́lẹ̀ bí koríko ti ń bo oko ọ̀lẹ.

Ní báyìí, báwo ni ìfófó ṣe lè mú ohun tí asẹ́ kò lè mú? Ẹ̀yin ìyá wa tí ń se ẹ̀wà mọ ìdáhùn rẹ̀, bí ẹ kò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹ mọ̀ ọ́n. Bí omi lásán bá ń hó lórí iná, hóhò rẹ̀ yóò yọ, yóò sì bẹ́ lójú kan náà. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀wà bá ń hó, ìfófó yóò kó jọ, yóò ga, yóò ṣí ọmọrí ìkòkò, yóò sì dà sínú iná. Ohun tí ó jáde láti ara ẹ̀wà ni ó mú kí hóhò náà dúró, èròjà amúaradàgbà sì wà nínú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti dé etíkun Èkó lẹ́yìn ìjì pẹ̀lú ti rí ìfófó tí ìgbì ń gbá jọ sórí yanrìn. Omi òkun ni afẹ́fẹ́ lù pọ̀ mọ́ ìyókù ewéko àti ẹranko tí ó ti yọ́ sínú rẹ̀. Ẹ̀rọ ìréfófó ń ṣe ohun tí ìgbì ń ṣe létíkun, ṣùgbọ́n inú ọ̀pá ni ó ti ń ṣe é.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ tẹ́tí sí mi dáadáa níhìn-ín. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan nínú èròjà amúaradàgbà ní apá kan tí ó fẹ́ràn omi, ó sì ní apá kejì tí ó kórìíra omi. Bí ó bá wà láàárín omi, ara kò rọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ní kété tí ó bá pàdé afẹ́fẹ́, yóò kọ apá tí ó kórìíra omi sí afẹ́fẹ́, yóò fi èyí tí ó fẹ́ràn omi sínú omi, yóò sì lẹ̀ mọ́ ibẹ̀, bí ẹni tí ó dúró létí odò tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú omi tí orí rẹ̀ wà lóke. Nípa bẹ́ẹ̀, hóhò kọ̀ọ̀kan tí ń gòkè nínú omi dà bí ọkọ̀ akérò, ìdọ̀tí yìí sì ni èrò rẹ̀. Ara ọkọ̀ níta ni èrò ti ń dì mọ́ ọn, kò sí ẹni tí ń wọ inú. Nítorí náà, bí awọ hóhò bá ṣe pọ̀ tó ni èrò tí yóò gbé yóò ṣe pọ̀ tó.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kan. Bí hóhò kan bá fẹ̀ ní mìlímítà 10, tí a sì pín afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ sí hóhò kéékèèké tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní mìlímítà 1, a óò rí 1,000 hóhò. Bí a bá ro awọ gbogbo wọn pọ̀, yóò jẹ́ ìlọ́po 10 awọ ti àkọ́kọ́. Afẹ́fẹ́ kò lé, síbẹ̀ àyè èrò ti di mẹ́wàá. Láfikún, hóhò kékeré kì í yára gòkè bí èyí tí ó tóbi, nítorí náà ó ń rí àyè kó èrò sí i. Ìdí nìyí tí gbogbo ẹni tí ń ṣe ẹ̀rọ yìí fi ń wá ọ̀nà tí hóhò yóò fi kéré, tí yóò sì pọ̀.

Ẹ lè dán an wò nílé. Ẹ wá ìgò méjì. Ẹ bu omi mímọ́ sínú ọ̀kan. Ẹ bu omi sínú èkejì, kí ẹ sì fi funfun ẹyin díẹ̀ sí i. Ẹ dé wọn, ẹ mi wọ́n pọ̀, kí ẹ sì kà láti 1 dé 100. Ẹ wo èyí tí ìfófó rẹ̀ ṣì dúró. Bí ẹ bá ti rí i, ẹ ti rí gbogbo ọgbọ́n inú ẹ̀rọ náà.

Iyọ̀ pẹ̀lú ní ipa tirẹ̀. Nínú omi iyọ̀, hóhò kéékèèké kì í tètè dà pọ̀ mọ́ ara wọn. Nínú omi odò, wọn a máa dà pọ̀ di ńlá, wọn a sì sáré gòkè láìkó èrò tó. Nítorí èyí, ẹ̀yin tí ń sin ẹja àrọ̀ nínú omi kànga, ẹ má ṣe náwó yín sórí ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ṣe fún omi òkun. Kò ní bá yín ṣe iṣẹ́ tí ẹ rà á fún.

Bí a bá wo ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀, ọ̀pá gbọọrọ kan ni, tí a sábà fi ike ṣe. Omi ń wọ inú rẹ̀ láti inú àpótí, ó ń pàdé hóhò wẹ́wẹ́, omi tí ó ti pàdé hóhò yóò sì padà sọ́dọ̀ ẹja. Hóhò ń kó jọ lókè, ó ń di ìfófó, ìfófó náà ń gun ọrùn tóóró kan, ó ń dà sínú ife tí ó wà lókè. Nínú ife yìí ni a ó bá omi kan tí ó pọ́n bí tíì tí ó ti pẹ́ lórí iná, òórùn rẹ̀ kò sì dára. Ẹ má bínú sí òórùn náà. Ohun tí ì bá jẹrà mọ́ ẹja lára ni ẹ mú jáde yẹn. Ó jọ iṣẹ́ àwọn ìyá tí ń ṣe epo pupa, tí wọ́n ń ré epo lójú omi. Ìyàtọ̀ kan ni ó wà: epo fúyẹ́ ju omi lọ, òun fúnra rẹ̀ ni ó ń léfòó. Ìdọ̀tí tí a ń wí kò lè dá gòkè, afẹ́fẹ́ ni ó ń gbé e.

Kì í ṣe òní ni ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà àtisin iyùn sínú ilé. Ní ọdún 1961, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Lee Chin Eng, ní ìlú Jakarta ní Indonéṣíà, kọ ọ́ sínú ìwé bí òun ṣe ń fi òkúta òkun tí kòkòrò ààyè kún inú rẹ̀, àti afẹ́fẹ́ díẹ̀, sin iyùn. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn olùsin ẹja ní Jámánì so irú òkúta bẹ́ẹ̀ pọ̀ mọ́ ẹ̀rọ ìréfófó tí ó lágbára, wọ́n sì fi orúkọ ìlú Berlin pe ọ̀nà náà. Ọ̀nà Berlin yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń tẹ̀ lé títí di òní: òkúta ààyè ń sọ ohun tí ó ti jẹrà di aláìlèpani, ẹ̀rọ sì ń kó púpọ̀ nínú rẹ̀ kúrò kí ó tó jẹrà.

Ó kù kí a lọ sọ́jà. Oríṣi mẹ́rin ni ẹ ó sábà bá pàdé. Èkíní ni èyí tí ń lo ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ kékeré àti ègé igi tí ihò wẹ́wẹ́ kún ara rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ń gba ara igi náà jáde ní hóhò tín-ín-tín. Owó rẹ̀ kò pọ̀, ó sì dára fún àpótí kékeré, ṣùgbọ́n igi náà a máa dí, a sì gbọ́dọ̀ máa pààrọ̀ rẹ̀ lóòrèkóòrè. Èkejì ni èyí tí omi ń gba ọ̀nà tóóró sáré kọjá, tí eré rẹ̀ sì ń fa afẹ́fẹ́ wọlé. Ẹ̀kẹta ni èyí tí àgbá pọ́ǹpù rẹ̀ ní ẹ̀gún wẹ́wẹ́ bí abẹ́rẹ́, tí ń gé afẹ́fẹ́ sí wẹ́wẹ́ bí ó ti ń yí. Èyí ni ó wọ́pọ̀ jù lónìí, nítorí iná tí ó ń jẹ kò pọ̀, hóhò rẹ̀ sì kéré. Ẹ̀kẹrin ni èyí tí ń ti omi sísàlẹ̀ pẹ̀lú agbára ńlá kí ó lè lu afẹ́fẹ́ pọ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ bí akin, ṣùgbọ́n ó ga, ó ń pariwo, ó sì ń jẹ iná púpọ̀. Àpótí ńlá ni ó yẹ.

Kí ẹ tó fa owó yọ, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè mẹ́rin.

Ìbéèrè kìn-ín-ní: omi mélòó ni mo ní? Ẹ má ṣe fojú díwọ̀n rẹ̀, ẹ ṣírò rẹ̀. Ẹ fi gígùn lọ́nà fífẹ̀, lọ́nà gíga omi, gbogbo rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà, kí ẹ sì fi 1,000 pín in. Bí àpótí bá gùn ní 100, tí ó fẹ̀ ní 50, tí omi inú rẹ̀ ga ní 45, èsì rẹ̀ jẹ́ lítà 225. Bí òkúta àti yanrìn bá gba àyè lítà 25, ó ku 200. Bí àpótí kejì bá wà nísàlẹ̀ tí omi inú rẹ̀ jẹ́ lítà 50, gbogbo rẹ̀ di 250. Iye yìí ni kí ẹ mú lọ sọ́jà.

Ìbéèrè kejì, tí ó ṣe pàtàkì ju ti àkọ́kọ́ lọ: ẹnu mélòó ni ń jẹun nínú omi náà? Ilé méjì lè fẹ̀ bákan náà, kí tọkọtaya nìkan máa gbé ọ̀kan, kí ènìyàn ogún máa gbé èkejì. Ṣé ìdọ̀tí wọn yóò dọ́gba? Àpótí lítà 250 tí ẹja kéékèèké mẹ́ta wà nínú rẹ̀ kò béèrè ohun kan náà pẹ̀lú èyí tí ẹja mẹ́wàá tí ń jẹun lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́ wà nínú rẹ̀. Bí páálí bá kọ ọ́ pé ẹ̀rọ kan tó fún lítà 500, ẹ béèrè pé: fún ẹja mélòó? Kò sí òṣùwọ̀n kan tí gbogbo àwọn tí ń ṣe é jọ ń lò. Olúkúlùkù ni ó ń wọn tirẹ̀. Nítorí náà, bí ẹja yín bá pọ̀, ẹ yan èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ fi dáadáa ju iye omi yín lọ. Bí iyùn ni ó pọ̀ tí ẹja kò tó nǹkan, èyí tí ó súnmọ́ iye omi yín ti tó.

Ẹnìkan lè sọ pé, "Èmi yóò kúkú ra èyí tí ó tóbi jù lọ, kí ọkàn mi balẹ̀." Àwọn àgbà ní ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Ọrùn ẹ̀rọ ńlá fẹ̀. Bí ìdọ̀tí inú omi kò bá tó, ìfófó kò ní lè kún ọrùn náà, kò ní lè gòkè dé ife. Yóò máa ga, yóò máa wálẹ̀, ife yóò sì gbẹ fún ọjọ́ púpọ̀. Owó ti lọ, iná ń jó, iṣẹ́ kò ṣe.

Ìbéèrè kẹta: ibo ni yóò dúró? Òmíràn ń dúró nínú àpótí ìsàlẹ̀, òmíràn ń kọ́ sẹ́yìn àpótí, òmíràn ń gbé inú rẹ̀ gan-an. Ẹ wọn fífẹ̀ ibẹ̀, ẹ wọn gíga rẹ̀, kí ẹ má sì gbàgbé àyè tí ọwọ́ yóò fi yọ ife jáde lókè. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ra ẹ̀rọ tí ó wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù, tí ife rẹ̀ kò sì ṣeé yọ láìgbé gbogbo rẹ̀ jáde. Ẹ tún wo bí omi tí yóò dúró sí ti gbọ́dọ̀ jìn tó. Ọ̀pọ̀ wọn ń fẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 15 sí 25, àwọn tí ó ṣe é yóò sì ti kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Omi ibẹ̀ kò gbọdọ̀ máa lọ sókè sódò, nítorí bí ó bá ga jù, ìfófó yóò di omi, ife yóò kún àkúnwọ́sílẹ̀. Bí ó bá lọ sílẹ̀ jù, ìfófó kò ní dé ife.

Ìbéèrè kẹrin: ta ni yóò máa tọ́jú rẹ̀, iná wo ni yóò sì máa lò? Tọ̀sán tòru ni ẹ̀rọ yìí ń ṣiṣẹ́. Ẹ ka iye wáàtì tí a kọ sára rẹ̀, ẹ sì bẹ ẹni tí ń tà á pé kí ó tàn án, kí ẹ gbọ́ ariwo rẹ̀. Níbi tí iná bá ti ń lọ tí ó ń bọ̀, ẹ mọ̀ pé bí iná bá lọ, ìfófó yóò rọlẹ̀, omi yóò sì sàn padà sí àpótí ìsàlẹ̀. Nígbà tí iná bá dé, ẹ̀rọ tí ó bá omi gíga lè da ìdọ̀tí ife padà sínú omi tàbí sórí ilẹ̀. Ẹni tí ó bá ń gbé irú àdúgbò bẹ́ẹ̀, kí ó kọ́kọ́ ra ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ kékeré tí ń lo bátìrì. Ẹja lè fara da ọjọ́ kan láìsí ìréfófó, ṣùgbọ́n kò lè pẹ́ láìrí afẹ́fẹ́ mí.

Bí ẹ bá ti rà á, ẹ ní sùúrù fún un. Ẹ̀rọ tuntun lè ṣe ségesège fún ọjọ́ mélòó kan títí dé ọ̀sẹ̀ méjì, kí inú rẹ̀ tó bá omi mu. Lẹ́yìn náà, ẹ máa nu ọrùn rẹ̀, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, nítorí ọ̀rá tí ó lẹ̀ mọ́ ọn ń pa ìfófó. Ẹni tí ó bá fi epo sọ́wọ́, tí ó sì ti ọwọ́ náà bọ omi, yóò rí i bí ìfófó yóò ti rọ lójú kan náà.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kì í rántí. Afẹ́fẹ́ inú yàrá ni ẹ̀rọ yìí ń fà, ó sì ń lù ú pọ̀ mọ́ omi gidigidi. Bí ẹ bá fín oògùn ẹ̀fọn nínú yàrá náà, tàbí tí ẹ ń kun ọ̀dà, inú omi ẹja ni ẹ ń fi ránṣẹ́ sí. Bí èrò bá pọ̀ nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ wà ní títì, èémí wọn yóò mú kí omi kan díẹ̀díẹ̀. Nítorí èyí ni àwọn kan fi ń na rọ́bà tí ń fa afẹ́fẹ́ gba ojú fèrèsé jáde síta.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ ibi tí agbára ẹ̀rọ yìí mọ. Ní ọdún 2009 àti 2010, Ken Feldman àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní yunifásítì ìpínlẹ̀ Pennsylvania ní Amẹ́ríkà wọn iṣẹ́ oríṣi ẹ̀rọ ìréfófó mélòó kan. Wọ́n rí i pé nínú gbogbo ìdọ̀tí oníkábọ́nù tí ó wà nínú omi, ìdá 20 sí 35 nínú ọgọ́rùn-ún péré ni àwọn ẹ̀rọ náà lè mú jáde. Èyí tí ó ṣẹ́kù kì í lẹ̀ mọ́ hóhò, bó ti wù kí ẹ̀rọ náà pẹ́ tó lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n tún rí i pé ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ẹ̀rọ kan àti èkejì kò tó bí àwọn tí ń tà á ti ń pariwo rẹ̀.

Kí ni ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́? Ẹ̀rọ yìí ń ran ni lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò lè gba iṣẹ́ olùtọ́jú ṣe. Ìdọ̀tí tí kò bá wọlé ni kò ní wá ẹni tí yóò gbé e jáde. Ẹ fún ẹja ní oúnjẹ tí wọn yóò jẹ tán láìpẹ́. Ẹ má ṣe kó ẹja jọ ju bí omi ti pọ̀ tó lọ. Ẹ máa pààrọ̀ díẹ̀ nínú omi náà déédéé. Ẹni tí àpótí rẹ̀ kò ju lítà 60 lọ, tí ẹja inú rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan tàbí méjì, lè má ra ẹ̀rọ yìí rárá, bí ó bá ń pààrọ̀ ìdá mẹ́wàá omi rẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Kí ó fi owó náà ra iyọ̀ tí ó dára.

Bí ẹ bá ní ọmọ tàbí àbúrò lókè òkun tí ó kọ̀wé sílé pé òun fẹ́ sin iyùn, ẹ bá mi bi í léèrè: omi mélòó, ẹnu mélòó, ibo ni yóò dúró, ta ni yóò sì máa fọ̀ ọ́? Bí ó bá lè dá ìbéèrè mẹ́rin yìí lóhùn, páálí kan kò ní lè tàn án jẹ, iyùn tí ó bá sì wọ ilé rẹ̀ yóò rí ààyè gbé. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.